Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́: Irú ẹja òkun wo ló lè gbé inú àpótí gíláàsì kékeré ní Kumasi?

Kumasi kò sí létí òkun. Láti olú ìlú àwọn Asante yìí dé Accra tó nǹkan bíi kìlómítà 250 lójú títì, ọ̀nà Cape Coast pẹ̀lú kì í ṣe ọ̀nà ìṣẹ́jú díẹ̀.

Láti ìgbà tí ìlú náà ti wà, òkú ni ẹja òkun sábà máa ń jẹ́ kó tó débẹ̀. Bí wọn kò bá fi iyọ̀ sí i, wọ́n á fi èéfín yan án, tàbí kí wọ́n sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ.

Lóde òní, ẹni tó ń gbé Kumasi lè po omi òkun fúnra rẹ̀ nínú ilé, kí ó sì máa wo ẹja òkun tó ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín iyùn nínú àpótí gíláàsì lórí tábìlì. Ohun tó ṣòro ni kí ẹja náà wà láàyè di oṣù tó ń bọ̀.

Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí aráyé fi kọ́ irú ẹja tó yẹ irú omi bẹ́ẹ̀, àìmọye ẹja ló sì bá ẹ̀kọ́ náà lọ. Ohun tí wọ́n rí kọ́ kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ti sọ tipẹ́: ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́.

Báwo ni ẹja òkun ṣe ń dé Kumasi láyé àtijọ́?

Kó tó di pé ọkọ̀ ojú irin dé, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù láti etí òkun gba inú igbó lọ sí ilẹ̀ Asante. Iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ wà lára ọjà tó níye lórí jù lọ lójú ọ̀nà náà, nítorí pé ohun tí kò bá gbẹ kò ní dé láìbàjẹ́.

Lọ́dún 1903, ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ láti Sekondi ní etíkun dé Kumasi. Láti ìgbà náà ni ọjà etí òkun ti ń yára dé, àmọ́ ẹja yíyan àti momone, ìyẹn ẹja oníyọ̀ tí òórùn rẹ̀ máa ń dá yàtọ̀ nínú ọbẹ̀, kò kúrò lórí àtẹ.

Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ló mọ ọjà Kumasi bí ẹni mọ owó. Àwọn oníṣòwò láti Ogbomoso, Offa àti àwọn ìlú míì ti fi Ghana ṣe ilé kó tó di pé ìjọba Kofi Busia pàṣẹ lóṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú fi orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀.

Nínú gbogbo ìtàn òwò yìí, kò sí ẹni tó ń wá bí ẹja òkun yóò ṣe dé Kumasi láàyè. Ẹja tó fẹ́ mí nílò ohun tí agbọ̀n àti iyọ̀ kò lè fún un.

Kí ni adágún Bosomtwe lè kọ́ni?

Bí òkun tilẹ̀ jìnnà sí Kumasi, omi kan wà nítòsí tó ń ṣàfihàn ewu tó wà nínú omi tí kò ní ọ̀nà àbájáde. Òun ni adágún Bosomtwe, tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 30 sí ìlú náà.

Òkúta ńlá kan láti ojú ọ̀run ló já lulẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn, ihò tó gbẹ́ sílẹ̀ ni omi sì kún. Adágún náà fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́jọ, ó sì jìn tó nǹkan bíi mítà 80 láàárín gbùngbùn. Omi òjò ń wọ inú rẹ̀, àmọ́ kò sí odò kankan tó ń ṣàn jáde.

Àwọn Asante ka adágún náà sí ibi mímọ́. Èèwọ̀ ni pé kí irin kan omi rẹ̀, ìdí nìyí tí àwọn apẹja fi ń lo pákó igi dípò ọkọ̀ ojú omi. Lọ́dún 2016, àjọ UNESCO fi agbègbè náà kún àwọn ibi tí wọ́n ń dáàbò bo ẹ̀dá alààyè àti ìgbé ayé àwọn èèyàn papọ̀.

Ewé àti ìdọ̀tí tó ń rì sí ìsàlẹ̀ adágún náà máa ń jẹrà, ìjẹrà yìí ló sì ń gba atẹ́gùn ọ́síjìn tó wà nínú omi ìsàlẹ̀. Nígbà míì, omi tí kò ní ọ́síjìn yìí á rú wá sókè, ẹja á sì máa léfòó bí ẹni tó mutí yó. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé adágún náà ti yin ẹ̀tù rẹ̀. Onímọ̀ ìṣẹ̀ǹbáyé R. S. Rattray kọ nípa rẹ̀ ní àwọn ọdún 1920.

Bí omi tó fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́jọ bá lè fún ẹja lọ́rùn báyìí, kí ni ká sọ nípa omi tó wà nínú àpótí tí ọmọdé lè nà ọwọ́ kárí?

Ta ló kọ́kọ́ tọ́jú iyùn nínú ilé?

Iyùn tí Yorùbá mọ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ tó máa ń wà lọ́rùn ọba àti ìyàwó tuntun. Àmọ́ kó tó di ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀dá alààyè ni iyùn jẹ́. Ẹranko tíntìntín ló ń kọ́ ilé líle yí ara wọn ká, títí ilé wọn yóò fi di àpáta ńlá lábẹ́ òkun, níbi tí ẹja ń sá pamọ́ sí.

Lọ́dún 1846, obìnrin ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì kan, Anna Thynne, kó iyùn láàyè láti Torquay ní etíkun lọ sí ilé rẹ̀ ní London. Kí wọ́n má baà kú, ó ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ máa da omi òkun náà láti inú ohun èlò kan sí òmíràn níwájú fèrèsé lójoojúmọ́, kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ewéko òkun kún un.

Nígbà tó di 1850, onímọ̀ kẹ́míkà Robert Warington ṣàlàyé bí ẹja, ewéko àti ìgbín omi ṣe lè ran ara wọn lọ́wọ́ nínú àpótí kan. Ẹja ń mí, ewéko ń dá ọ́síjìn padà, ìgbín ń jẹ ìdọ̀tí. Ìwọ̀n láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń pinnu ẹni tí yóò yè.

Lọ́dún 1853, ọgbà ẹranko London ṣí ilé ẹja àkọ́kọ́ fún gbogbo èèyàn. Philip Henry Gosse, tó lọ́wọ́ nínú rẹ̀, gbé ìwé kan jáde lọ́dún tó tẹ̀lé e nípa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀dá òkun nílé. Ìwé náà tà wàràwàrà.

Àwọn tó kà á dìde, wọ́n gba etíkun lọ pẹ̀lú korobá àti ọ̀kọ̀. Lọ́dún 1907, ọmọ Gosse, Edmund, kọ nínú ìwé tirẹ̀ pé ihò àpáta etíkun tó kún fún ẹwà nígbà tí òun wà lọ́mọdé ti di òfìfo, àti pé ọ̀rọ̀ náà dun bàbá òun. Ẹni tó kọ́ àwọn èèyàn láti fẹ́ràn òkun ló tún ṣí ọ̀nà fún àwọn tó kó o lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n kó lọ ni kò pẹ́ láyé, nítorí pé wọ́n yan ẹja nítorí àwọ̀ rẹ̀, wọn kò béèrè bóyá omi náà tó o.

Kí ló ń pa ẹja nínú omi kékeré?

Ó di nǹkan bíi 1890 kí Sergei Winogradsky, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Rọ́ṣíà, tó fi hàn pé àwọn bakitéríà kan wà tó ń sọ amóníà di ohun mìíràn. Ìdọ̀tí ẹja ní amóníà nínú, májèlé sì ni fún ẹja fúnra rẹ̀. Bakitéríà kan ń sọ ọ́ di nitrite, tí òun náà jẹ́ májèlé. Òmíràn ń sọ nitrite di nitrate, tí ẹja lè fara dà dé ìwọ̀n kan.

Àwọn bakitéríà yìí kò sí nínú àpótí tuntun. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ẹni tó bá ra àpótí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tó sì da ẹja márùn-ún sínú rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ti fi wọ́n sínú ìtọ̀ ara wọn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àpótí kékeré ló rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Ṣíbí iyọ̀ kan tó ṣèèṣì bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀ àsè lè má hàn. Tó bá bọ́ sínú ọbẹ̀ ẹni kan ṣoṣo, kò ṣeé jẹ mọ́. Bí oúnjẹ tó ṣẹ́kù ṣe ń ba omi jẹ́ náà nìyẹn. Lítà 75 yóò bàjẹ́ kíákíá ju lítà 750 lọ.

Ìdí nìyí tí ẹni tó ní àpótí kékeré fi gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ yan ẹja ju ẹni tó ní ńlá lọ.

Báwo ni òkun ṣe wọ ilé ẹni tí kò sí létí òkun?

Ohun méjì ló yí ìtàn náà padà ní àwọn ọdún 1960. Àkọ́kọ́ ni òkúta. Lọ́dún 1961, Lee Chin Eng, ará Indonesia, kọ̀wé pé òun ń tọ́jú ẹja àti iyùn pẹ̀lú òkúta tí òun gbé láti inú òkun, tí ẹ̀dá alààyè ṣì wà lára rẹ̀, àti atẹ́gùn díẹ̀ tó ń hó nínú omi. Bakitéríà tó ń gbé inú ihò òkúta náà ló ń fọ omi mọ́.

Lẹ́yìn náà, àwọn ará Jámánì, tí Peter Wilkens wà lára wọn, fi iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa àti ẹ̀rọ tó ń fi ìfófòó kó ìdọ̀tí jáde kún ọ̀nà yìí. Láti ìgbà náà ni iyùn ti ń dàgbà nínú ilé èèyàn.

Ìkejì ni iyọ̀. Iyọ̀ ìsebẹ̀ nìkan kò lè di òkun, torí pé calcium, magnesium àti àwọn èròjà míì wà nínú omi òkun. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í po gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan, ẹni tó wà ní ìlú tó jìnnà sí òkun bíi Kumasi náà lè ní òkun tirẹ̀. Nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ ló ń wọ lítà omi kan.

Ẹja wo ló yẹ?

Nínú àpótí tó gba nǹkan bíi lítà 75, àwọn tó ní ìrírí máa ń fi mọ sórí ẹja kékeré méjì sí mẹ́ta. Ohun mẹ́rin ni wọ́n máa ń wò: bí ẹja náà yóò ṣe tóbi tó tó bá dàgbà, bó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, ohun tó ń jẹ, àti ìwà rẹ̀ sí àwọn yòókù.

Clownfish oníbàdí osàn àti funfun tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ocellaris ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Kì í sábà kọjá sẹ̀ńtímítà 8 sí 11, kì í rìn jìnnà, ó sì ń jẹ oúnjẹ tí wọ́n bá fún un. Akọ ni gbogbo wọn nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Nínú méjì tó bá ń gbé pọ̀, èyí tó tóbi jù ló máa ń di abo. Nítorí náà, méjì ti tó. Ẹni tó bá fi ẹ̀kẹta kún un ń wá ìjà ni.

Neon goby kò ju nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 5 lọ. Royal gramma, tí iwájú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ yẹ́lò, tó nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 8, àmọ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni kó wà nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀. Firefish ní ìwà pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tètè ń bà á, ó sì lè fò jáde tí àpótí kò bá ní ìdérí.

Goby aláwọ̀ yẹ́lò kan wà tó ń bá edé kan gbé. Edé náà kò ríran dáadáa, àmọ́ ó mọ ihò gbẹ́. Ẹja náà kì í gbẹ́ ihò, àmọ́ ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí ewu bá ń bọ̀, ó á fi ìrù rẹ̀ ta edé náà lólobó, àwọn méjèèjì á sì kó wọlé.

Bí wọ́n ṣe ń wọlé náà ṣe pàtàkì. Ẹja tó ní ìwà pẹ̀lẹ́ ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí èyí tó máa ń jà fún ààyè wọlé gbẹ̀yìn. Onílé tó kọ́kọ́ dé máa ń ka gbogbo ilé sí tirẹ̀.

Ẹja wo ni kí èèyàn fi sílẹ̀?

Ẹja aláwọ̀ búlúù tí fíìmù mú lókìkí, ìyẹn blue tang, lè kéré bí owó ẹyọ nígbà tí wọ́n bá tà á. Tó bá dàgbà, ó lè tó sẹ̀ńtímítà 30, ó sì nílò ààyè gígùn láti máa lọ láti máa bọ̀.

Ẹja ilé wa náà kò yọ sílẹ̀. Angelfish ilẹ̀ Guinea, Holacanthus africanus, ń gbé inú òkun láti Senegal dé ìsàlẹ̀ Congo. Ó rẹwà ní kékeré, àmọ́ ó lè tó sẹ̀ńtímítà 45. Pé ó jẹ́ ọmọ òkun wa kò sọ ọ́ di ẹja àpótí kékeré.

Kíkéré nìkan kò sì tó. Mandarin kò tóbi, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí aṣọ tí wọ́n fi òwú aláràbarà ya. Àmọ́ kòkòrò omi tíntìntín ara òkúta ló ń jẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Òkúta inú àpótí kékeré kò lè pèsè tó, nítorí náà ebi ló sábà máa ń pa á díẹ̀díẹ̀ lójú olówó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ damselfish náà kéré, wọn kì í sì í tètè kú, àmọ́ wọ́n lè lé gbogbo ẹja yòókù sí kọ̀rọ̀. Ní ti butterflyfish, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń jẹ iyùn fúnra rẹ̀.

Níbo ni ẹja náà ti wá?

Etíkun Ghana àti ti Nàìjíríà kò ní àpáta iyùn ńláńlá bíi ti Indonesia. Omi tútù tó máa ń rú sókè lásìkò kan lọ́dún, pẹ̀lú omi dídùn àti ẹrẹ̀ tí odò ń gbé wọ òkun, kò jẹ́ kí iyùn gbilẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, Philippines àti Indonesia ni ọ̀pọ̀ ẹja iyùn tí wọ́n ń tà lágbàáyé ti ń wá.

Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn kan ní Philippines ti ń fi cyanide mú ẹja. Májèlé náà ń mú kí ojú ẹja kọ́ kí wọ́n lè kó o, àmọ́ ó ń pa iyùn tó kàn, ẹja náà sì lè kú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tà á.

Banggai cardinalfish fi hàn bí ìfẹ́ ṣe lè di ìparun. Erékùṣù Banggai ní Indonesia ni orírun rẹ̀. Akọ rẹ̀ ló ń fi ẹnu gbé ẹyin títí yóò fi pa. Òkìkí rẹ̀ kàn ní àwọn ọdún 1990, nígbà tó sì di 2007, àjọ IUCN ti kà á mọ́ ẹ̀dá tó wà nínú ewu àkúrun.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Martin Moe ní ìpínlẹ̀ Florida, l'Amẹ́ríkà, ti ń sin clownfish fún títà. Àwọn èèyàn ti ń sin Banggai cardinalfish náà. Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ ní Florida sin blue tang yọrí fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹja tí wọ́n sin ti mọ oúnjẹ àpótí láti kékeré, wọn kò sì yọ ọ́ kúrò lára àpáta kankan.

Kí ni ẹni tó wà ní Kumasi yóò rò kó tó ra ẹja?

Kumasi kò nílò ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná bíi London. Ooru ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rù, nítorí pé bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni ọ́síjìn inú rẹ̀ ń dín kù. Nǹkan bíi 25 sí 26 lórí ìwọ̀n Celsius ló dára. Nígbà ọyẹ́, omi máa ń fà kíákíá, àmọ́ iyọ̀ kì í bá a lọ. Omi tí kò ní iyọ̀ ni wọ́n fi ń dí èyí tó fà, kì í ṣe omi oníyọ̀. Tó bá sì jẹ́ omi ẹ̀rọ ni wọ́n fẹ́ lò, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ chlorine inú rẹ̀ kúrò.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná tún wà níbẹ̀. Àwọn ará Ghana ní orúkọ fún un: dumsor, tó túmọ̀ sí pé iná ń kú, ó sì ń tàn. Láàárín 2012 sí 2016, ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu tàgbà tèwe. Tí iná bá lọ, pọ́ǹpù á dúró, omi kò ní yí mọ́, ẹja á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ́síjìn tó ṣẹ́kù. Bosomtwe ti wọ inú pálọ̀ nìyẹn.

Pọ́ǹpù atẹ́gùn kékeré tó ń lo bátìrì wúlò nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá ní in lè bu omi sínú kọ́ọ̀bù kó sì máa dà á padà láti òkè, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀ Anna Thynne ti ṣe lọ́dún 1846.

Àmọ́ ohun tó máa dáàbò bo ẹja jù lọ lóru ọjọ́ tí iná bá lọ ni iye tí wọ́n ti pinnu lójú ọ̀sán. Clownfish méjì àti goby kan nínú lítà 75 lè rí afẹ́fẹ́ mí títí iná yóò fi dé. Ẹja mẹ́wàá nínú omi kan náà lè má rí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́.